Ọkọ̀ kan, iṣẹ́ méjì: táyà wo ni nọ́ọ̀sì tó fẹ́ máa sá autocross yóò rà?

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́ọ̀sì ni mí, Bowie ní Maryland ni mò ń gbé, Baltimore ni mo ti ń ṣiṣẹ́ alẹ́. Honda Civic Si 2012 ni mò ń wà, máńúà ni, táyà rẹ̀ sì jẹ́ 215/45R17. Mò ń rìn tó máìlì 12,000 lọ́dún. Ọ̀rẹ́ mi kan mú mi lọ wo autocross, eré ìdíje ọkọ̀ láàárín kóònù, àtìgbà náà ni ọkàn mi kò ti kúrò níbẹ̀. Mo fẹ́ máa sá a lẹ́ẹ̀kan lóṣù, láti April lọ. Dọ́là 600 ni mo ní fún táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọ́n ní táyà tí wọ́n tẹ nọ́ńbà 200 sí lára ni kí n rà, pé táyà tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ kì í di ilẹ̀ mú. Ẹlòmíì ní kí n wá 200 tí wọ́n ti lò, tí ojú rẹ̀ ṣì jinlẹ̀, pé ìyẹn ló máa bá owó mi mu. All-season, táyà tí wọ́n ń lò ní gbogbo ìgbà ọdún, ló wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ báyìí, ojú rẹ̀ ku 5/32 íǹṣì, ọdún 2022 ni wọ́n ṣe é. Kí ni kí n ṣe?”

Àbúrò mi, o kú iṣẹ́ alẹ́. Mo ka ìwé rẹ lẹ́ẹ̀mejì, ohun tí mo sì kọ́kọ́ rí ni pé Sọ́ńdè kan ṣoṣo nínú oṣù ni gbogbo àwọn tó ń gbà ọ́ nímọ̀ràn ń wò. Kò sẹ́ni tó bi ọ́ nípa aago méje ààbọ̀ àárọ̀ Ọjọ́rú, nígbà tí o bá ń ti Baltimore bọ̀ lẹ́yìn wákàtí 12 lórí ìdúró, tí òjò ń rọ̀, tí ọkọ̀ akẹ́rù iwájú ń da omi bo gíláàsì rẹ. Táyà tí a fẹ́ rà yìí kan náà ni yóò gbé ọ délé lọ́jọ́ yẹn. Iṣẹ́ táyà ni mo fi dàgbà: Mọ́kọ́lá n'Íbàdàn ni mo ti kọ́ ọ lọ́dọ̀ fọ́kanáísà kan, Maryland níbí ni mo ti ń ṣe é láti ọdún 14 sẹ́yìn, ó sì ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí èmi náà ti ń sá autocross. Ojú ọ̀nà ibi iṣẹ́ rẹ ni màá ti bẹ̀rẹ̀, a ó wá dé àárín kóònù.

Fún ẹni tí kò tíì rí autocross rí: ibi ìgbọ́kọ̀sí ńlá kan, tàbí pápá bàlúù tí wọn kò lò mọ́, ni wọ́n ń to kóònù sí. Ọkọ̀ kan ló ń sá lẹ́ẹ̀kan, aago lo sì ń bá jà. Ìsáré kan kì í sábà ju ìṣẹ́jú kan lọ, kóònù kọ̀ọ̀kan tí o bá sì gbá yóò fi ìṣẹ́jú àáyá méjì kún àkókò rẹ. Sports Car Club of America, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1944, ni àwọn ẹ̀ka rẹ̀ ń ṣètò púpọ̀ nínú ìdíje wọ̀nyí. Nínú òfin wọn, ọkọ̀ bíi tìrẹ, tí kò yàtọ̀ púpọ̀ sí bó ṣe ti ilé iṣẹ́ jáde, ń wọ ìsọ̀rí tí wọ́n ń pè ní Street, táyà tí yóò wọ ibẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ní nọ́ńbà treadwear (èyí tó ń sọ bí rọ́bà ṣe ń pẹ́ tó kó tó jẹ) tó kéré sí 200. Ibẹ̀ ni 200 tí wọ́n ń kọ sí ọ létí ti wá. Wọ́n ṣe òfin yẹn kí àwọn kan má baà kó rọ́bà ìdíje pátápátá wá bá àwọn tó ń fi ọkọ̀ iṣẹ́ sá. Ẹni tó gbé 340 wá bófin mu, ẹni tó gbé 560 wá bófin mu. Àwọn tó ń wá ipò kìíní ló sọ ọ́ di pé 200 nìkan ni ènìyàn lè rà, nítorí táyà tó yára jù nínú èyí tí òfin gbà ni wọ́n ń wá, wọ́n sì ń dá gbogbo ẹni tuntun lóhùn bí ẹni pé ipò kìíní lòun náà ń wá.

Jẹ́ kí a wo nọ́ńbà náà dáadáa, nítorí òun ló ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn rú. Ìjọba Amẹ́ríkà ló ní kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ sára táyà. Bí wọ́n ṣe ń rí i ni pé wọ́n á fi táyà náà sẹ́sẹ̀ ọkọ̀, wọ́n á wà á lójú ọ̀nà gidi ní agbègbè San Angelo ní Texas, máìlì 7,200 lápapọ̀, wọ́n á wá wọn bí ojú rẹ̀ ṣe jẹ tó, wọ́n á sì fi wé táyà àwòṣe kan tí wọ́n fún ní 100. Èyí tó ní 200 yẹ kí ó pẹ́ ní ìlọ́po méjì àwòṣe náà lójú ọ̀nà yẹn. Jíjẹ rọ́bà ni wọ́n wọ̀n. Wọn kò wọn bó ṣe ń di ilẹ̀ mú ní kọ́nà. Òótọ́ ni pé rọ́bà tó bá rọ̀ máa ń tètè jẹ, ó sì sábà máa ń lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ ju èyí tó le lọ, nítorí náà ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ kò já sí irọ́ pátápátá. Àmọ́ ilé iṣẹ́ tó ṣe táyà ló ń fúnra rẹ̀ yan nọ́ńbà tí yóò tẹ̀ sára rẹ̀, kò sì sí ohun tó ní kó má kọ iye tó kéré sí bí táyà náà ṣe lágbára tó. Èyí tí wọ́n ṣe nítorí autocross á kọ 200 nítorí òfin ti fi ìlà sí 200. Mo ti fi 200 ilé iṣẹ́ kan sẹ́sẹ̀ ọkọ̀ mi tó tán láàárín oṣù mẹ́ta, mo sì ti lo 200 ilé iṣẹ́ mìíràn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà mí ní ọdún méjì. Nínú ilé iṣẹ́ kan náà, o lè fi nọ́ńbà wé nọ́ńbà. Tó bá ti di ti ilé iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, má gbára lé e.

Lẹ́tà tó tẹ̀ lé nọ́ńbà yẹn, AA tàbí A, náà ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà. Bí táyà ṣe ń dúró lórí omi nígbà tí wọ́n bá tẹ bíréèkì ní ìlà tààrà ni wọ́n fi fún un. Ó dára kí o ní in, pàápàá ìwọ tó ń rìn lójú òjò, àmọ́ kò sọ nǹkan kan fún ọ nípa kọ́nà.

Rọ́bà táyà, bí òrí ló rí. Ẹni tó bá ti gbé ilé lásìkò ọyẹ́ mọ̀ pé òrí tó ń yọ̀ lọ́wọ́ lọ́sàn-án, tó bá fi máa di ìdájí, ṣíbí ni wọ́n fi ń ha á. Oríṣi rọ́bà kọ̀ọ̀kan ló ní ìwọ̀n ooru tó ti ń ṣiṣẹ́. Táyà ìgbà ooru, tí 200 wà lára wọn, máa ń le gan-an nígbà tí ojú ọjọ́ bá ti wọ abẹ́ 45 lórí Fahrenheit, ìyẹn bíi 7 lórí Celsius. Tó bá wá lọ sábẹ́ ibi tí omi ti ń dì, àwọn tó ṣe é fúnra wọn ń kìlọ̀ pé kí a má wà á, nítorí rọ́bà náà lè sán. Ìwọ mọ January àti February Maryland ju kí n máa ṣàpèjúwe rẹ̀ lọ. Ẹlòmíì lè pe ọ̀gá rẹ̀ pé yìnyín bo ọ̀nà, òun ò lè wá. Nọ́ọ̀sì tó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ti ṣe wákàtí 12 kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Mo ti rí ọkọ̀ tó wà lórí 200 ní òwúrọ̀ òtútù kan tó kọ̀ láti gun òkè kékeré iwájú ilé olówó rẹ̀, bẹ́ẹ̀ yìnyín ibẹ̀ kò ju èyí tí ìgbálẹ̀ lè gbá kúrò lọ. Òjò tún wà níbẹ̀. Kí táyà autocross lè le lábẹ́ ọkọ̀ nígbà tí a bá yà á lójijì, wọn kì í fún un ní ihò omi púpọ̀, ojú rẹ̀ kì í sì í jinlẹ̀ tó ti táyà lásán láti ìbẹ̀rẹ̀. Ihò yẹn ni omi ń gbà jáde lábẹ́ táyà. Tí kò bá rí ọ̀nà jáde, ọkọ̀ á gun orí omi, sítíárìn á fúyẹ́ lọ́wọ́ rẹ bí ẹni pé kò so mọ́ nǹkan kan. Nígbà tó bá fi máa ku ìdajì ojú 200 kan, màá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ olówó rẹ̀ pé kó máa rìn jẹ́jẹ́ lójú òjò. Tí o bá ń rin máìlì 12,000, a jẹ́ pé kí ọdún tó parí ni. Àwọn oníbàárà mi tí wọ́n ń fi 200 lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́ kì í sábà lò ó ju ọdún kan lọ.

Àwọn 200 náà kò rí bákan náà, kí o mọ èyí fún ọjọ́ iwájú. Ìsáré autocross kúrú débi pé táyà kì í rí àyè gbóná. O dúró lórí ìlà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, o sá fún ìṣẹ́jú àáyá 50, o tún padà wá dúró. Nítorí náà àwọn tó ń wá ipò ń fẹ́ èyí tó ń jí láti kọ́nà àkọ́kọ́, irú bíi Yokohama Advan A052 tàbí Bridgestone Potenza RE-71RS. Wọ́n dára, mo ti lo méjèèjì, n kò sì ní purọ́ fún ọ pé ẹ̀rín kò bọ́ lẹ́nu mi lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lò wọ́n. Ní ọ̀sán ooru July, tí ènìyàn méjì bá ń pín ọkọ̀ kan wà, A052 á tètè gbóná jù, ìyẹn lo fi ń rí àwọn ènìyàn tó ń fi ike omi wọ́n ọn lórí láàárín ìsáré. Hankook Ventus R-S4 wà ní òdìkejì: 200 lòun náà, àmọ́ ó ń pẹ́ kó tó jí, ó sì ń fara da ooru, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń sá yípo ní pápá eré gidi fún ìdajì wákàtí ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ìyìn rẹ̀ lẹ́nu wọn, tó wá gbé e wá sí autocross òwúrọ̀ April, á máa rò pé wọ́n tan òun.

Ní ti 200 tí wọ́n ti lò: rárá. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí, nítorí ó ti ṣe mí rí. Ọdún kejì mi nínú eré yìí, owó kò sí, mo ra mẹ́rin lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó sọ pé òun kò lò wọ́n ju ọjọ́ Sọ́ńdè díẹ̀ lọ. Ojú wọn jinlẹ̀, wọ́n dán, mo fi ìka tẹ̀ wọ́n, mo sì gbà á gbọ́. Èmi tí iṣẹ́ mi jẹ́ táyà kò wo déètì. Lọ́sẹ̀ kejì, òjò winniwinni, mo tẹ bíréèkì níwájú iná pupa, ọkọ̀ kò dúró títí mo fi rékọjá ìlà tí mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ àárín oríta. Ọlọ́run ló kó mi yọ. Nígbà tí mo délé ni mo wá tẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ìhà táyà: ọdún mẹ́jọ ni wọ́n. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn kóòdù DOT tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀ ló ń sọ ọ́: tó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Rọ́bà ń gbó bí kò tilẹ̀ rìn. Bó ṣe ń gbóná tó ń tutù léraléra nínú ìdíje ń sọ ọ́ di líle, ojú rẹ̀ á sì wà ní jíjìn síbẹ̀. Àwa tí a ti ilé wá ti mọ́ ọn lára láti fi ìjìnlẹ̀ ojú yan tòkunbọ̀ lójú títì Èkó, àmọ́ ìjìnlẹ̀ nìkan kò tó. Kò sí ohun tí o lè fi ojú rí tàbí fi ìka tẹ̀ tí yóò sọ fún ọ bí ẹni tó ni 200 yẹn tẹ́lẹ̀ ṣe lò ó. Tó bá jẹ́ all-season tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ tuntun ni, mo lè bá ọ yẹ̀ ẹ́ wò. Rọ́bà ìdíje tí ẹnì kan ti sá, mi ò ní gbé e sẹ́sẹ̀ ọkọ̀ tó ń gbé ọ lọ síbi iṣẹ́.

Ó wá ku ohun tó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ rẹ báyìí. Àbúrò mi, má tíì ra nǹkan kan. 5/32, ọdún 2022, ìyẹn ti tó láti fi kọ́ṣẹ́ ní ọdún àkọ́kọ́. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí o fẹ́ gbọ́ nìyí, ẹni tí ara rẹ̀ ti wà lọ́nà, owó ń yún un lọ́wọ́. Fetí sí mi. All-season máa ń ké kó tó yọ̀. Bí o bá wọ kọ́nà pẹ̀lú eré tó pọ̀ díẹ̀, á kọ́kọ́ máa hó. Tí o bá tún fi kún un, á ké. Tí o kò bá gbọ́, orí ọkọ̀ á wá máa lọ tààrà bí o tilẹ̀ ti yí sítíárìn dé ìdí. Gbogbo rẹ̀ á ṣẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, etí rẹ á gbọ́, ọwọ́ rẹ á mọ̀ ọ́n. Àwọn táyà tó lẹ̀ gan-an máa ń dákẹ́ pẹ́ ju ìyẹn lọ, ibi tí wọ́n bá sì ti jọ̀wọ́ ilẹ̀, eré ti pọ̀. Ní ọdún àkọ́kọ́ mi, ẹni tó ń kọ́ mi wọ ọkọ̀ mi, all-season mi náà ló wà níbẹ̀, ó sì fi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin yá jù mí lọ. Ọkọ̀ kan náà, táyà kan náà, ọjọ́ kan náà. Kò sí táyà tí mo lè rà lọ́jọ́ náà tí yóò fún mi ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin yẹn. Ohun tó mọ̀ tí n kò mọ̀ ni pé kí n gbójú sókè wo kóònù kẹta dípò èyí tó wà níwájú ọkọ̀, kí n sì tẹ bíréèkì tán kí n tó yà. Tí o bá ti dé ibẹ̀, bẹ̀bẹ̀ pé kí olùkọ́ kan bá ọ jókòó ní gbogbo ìsáré rẹ. Ọ̀fẹ́ ni níbi tí èmi ti ń sá, àwọn àgbà eré náà sì fẹ́ràn kí ènìyàn bi wọ́n.

Jẹ́ kí n sọ àbùkù all-season náà. Ojú rẹ̀ jinlẹ̀, wọ́n sì gé e sí wẹ́wẹ́ kí ó lè di yìnyín mú, nítorí náà tí o bá yà á lójijì, àwọn wẹ́wẹ́ yẹn á máa tẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún kí ọkọ̀ tó gbọ́. Lọ́jọ́ ooru, lẹ́yìn ìsáré mélòó kan, á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ bí ẹ̀kọ, etí rẹ̀ á sì máa ya kúrò. O ò ní bá ẹni tó wà lórí 200 dọ́gba bí ọgbọ́n yín bá tó ara wọn. Táyà ìgbà ooru tó wà láàárín, irú bíi Firestone Firehawk Indy 500 tàbí Continental ExtremeContact Sport 02 tí àwọn méjèèjì kọ 340, sàn jù ú lọ púpọ̀ nínú kóònù. Wọ́n ń pẹ́, wọ́n ń da omi nù dáadáa, àwọn bíi Firestone yìí sì lè bá owó rẹ mu, nítorí 215/45R17 jẹ́ ìwọ̀n tí Toyota 86 àti Subaru BRZ ń lò, kò ṣọ̀wọ́n. Bí o bá ń gbé Houston tàbí Miami, ibí ni màá parí ìdáhùn sí. Àmọ́ ìgbà ooru nìkan ni wọ́n wà fún. Ní Maryland, ẹni tó bá rà wọ́n ti rà ìdajì ni; ó ṣì ní láti wá táyà mẹ́rin mìíràn fún December sí March, pẹ̀lú ríìmù mẹ́rin bí kò bá fẹ́ máa sanwó yíyọ àti fífi sí lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Dọ́là 600, dọ́là 150 fún táyà kan, kí a tó san owó iṣẹ́ àti owó orí. Kò lè ṣe méjèèjì.

Nítorí náà ohun tí màá ṣe bí mo bá jẹ́ ìwọ nìyí. Láti April dé September, sá èyí tó wà níbẹ̀. Máa fi owó ẹyọ sẹ́ńtì 25 wọ̀n ọ́n: gbé orí Washington sísàlẹ̀ sínú ihò táyà, bí ojú táyà kò bá kan orí rẹ̀ mọ́, ó ti lọ sábẹ́ 4/32, láti ibẹ̀ lọ sì ni dídúró lórí omi ti ń burú. Òfin ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ gbà ọ́ láyè títí dé 2/32, èmi kò gbà ọ́ láyè, nítorí òjò. Nígbà tó bá fi máa di October, á ti tó àkókò láti pàrọ̀ wọn, ìgbà náà gan-an ni kí o wá fi dọ́là 600 rẹ ra all-season oníyára tuntun, irú bíi Continental ExtremeContact DWS06 Plus bí owó rẹ bá ká a, tàbí èyí tó rẹlẹ̀ díẹ̀ lówó. Ìdí tí mo fi ní October ni pé táyà all-season máa ń jinlẹ̀ jù nígbà tó bá ṣì tuntun, ìjìnlẹ̀ yẹn gan-an ni o nílò nínú yìnyín. Nígbà tí April mìíràn bá dé, máìlì 6,000 ti rẹ́ díẹ̀ kúrò lára rẹ̀, àwọn wẹ́wẹ́ ojú rẹ̀ ti kúrú, wọn kò ní máa tẹ̀ mọ́ tó bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ á sì gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu nínú kóònù ju bí ì bá ṣe gbọ́ lóṣù October lọ. Ẹni tó bá ra táyà tuntun ní March nítorí autocross ti ṣe òdìkejì: ojú tó jinlẹ̀ jù, tó ń tẹ̀ jù, ló gbé wọ kóònù, èyí tó ti jẹ ló sì gbé wọ yìnyín. Owó kan náà ni, táyà kan náà ni, oṣù tí o rà á ló yàtọ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo ń sọ fún àwọn oníbàárà mi tó ń sá eré yìí, èyí ló ti dín ìnáwó wọn kù jù lọ.

Lẹ́yìn ọdún méjì, tí ìfẹ́ náà bá ṣì wà, tí olùkọ́ rẹ kò bá lè fi ohun tó ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ yá jù ọ́ lọ nínú ọkọ̀ rẹ mọ́, wá ríìmù Civic mẹ́rin tí wọ́n ti lò, gbé 200 tuntun sí i, kí ó máa jẹ́ ti Sọ́ńdè nìkan. Ìgbà yẹn ni 200 á pẹ́ lọ́wọ́ rẹ, nítorí kò ní bá ọ lọ sí Baltimore. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta ríìmù tó fẹ̀ ju ti ilé iṣẹ́ lọ fún ọ. Ìsọ̀rí Street kò gba ìbú ríìmù tó yàtọ̀, táyà tó fẹ̀ jù lórí ríìmù tó há sì máa ń wú ní ìhà, a máa rọ̀ nínú kọ́nà. Èyíkéyìí tí o bá rà, nọ́ńbà tó tẹ̀ lé ìwọ̀n rẹ̀ kò gbọdọ̀ kéré sí ti ọkọ̀ rẹ: 87 túmọ̀ sí pé táyà kan lè gbé kílò 545.

Atẹ́gùn inú táyà kò ná ọ ní nǹkan kan, òun ló sì ń yí ọkọ̀ padà jù. Civic rẹ, ẹsẹ̀ iwájú ló ń fà á, òun ló ń yà á, òun náà ló ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú bíréèkì, nítorí náà táyà iwájú ń jìyà gbogbo rẹ̀, pàápàá etí rẹ̀ òde. Bẹ̀rẹ̀ láti iye tí wọ́n kọ sí ẹnu ilẹ̀kùn awakọ̀. Fi psi (ìwọ̀n atẹ́gùn táyà) mẹ́rin tàbí márùn-ún kún tiwájú, kí o mú ẹfun ìkọ̀wé, kí o fi kùn ún láti etí ojú táyà sọ̀ kalẹ̀ sí ìhà, ní ibi mẹ́ta yíká. Lọ sá. Tí o bá padà dé, wò ó: àmì onígun mẹ́ta kékeré kan wà létí ọ̀pọ̀ táyà. Bí ẹfun bá ti pa rẹ́ kọjá àmì yẹn lọ sí ìhà, táyà ń dà dùbúlẹ̀, fi atẹ́gùn kún un. Bí kò bá tíì pa rẹ́ dé ibẹ̀ rárá, o ti fẹ́ ẹ jù, tú díẹ̀. Lẹ́yìn ìsáré kọ̀ọ̀kan, wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí ooru ń gbé psi sókè. Ojú ọjọ́ náà ń yí i padà: bíi psi kan fún ìwọ̀n 10 lórí Fahrenheit, ìdí nìyẹn tí iná táyà fi ń tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù lówùúrọ̀ òtútù àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìdíje méjì-méjì, gbé tiwájú lọ sẹ́yìn, kí ti ẹ̀yìn wá gba tirẹ̀. Bí táyà rẹ bá ní ọfà tó ń sọ ìhà tó gbọ́dọ̀ máa yí sí, ẹ̀gbẹ́ kan náà ni kó máa wà.

Mi ò rí ọkọ̀ rẹ, nítorí náà ààlà wà fún ohun tí mo lè sọ. Civic ọdún 2012 lè ní bọ́ọ̀ṣì tó ti jẹ, ó sì lè ṣe pé aláìnmẹ́ǹtì ti kúrò níbi tó yẹ. Ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tọ́ á jẹ táyà dọ́là 600 bí ó ṣe ń jẹ ti dọ́là 1,000. Kí o tó sá ìdíje àkọ́kọ́, jẹ́ kí mẹkáníìkì gbé e sókè wò ó, kí wọ́n sì ṣe aláìnmẹ́ǹtì rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni, má ti ibi iṣẹ́ alẹ́ lọ tààrà sí autocross. Sùn ná. Wọ́n á tún ṣe òmíràn.

Tí ìdíje bá parí lọ́jọ́ náà, má tíì yára bọ́ sójú ọ̀nà. Jẹ́ kí táyà tutù, dá atẹ́gùn padà sí iye ẹnu ilẹ̀kùn, mú sípánà géèjì (èyí tó ń wọn agbára tí a fi ń fún nọ́ọ̀tì) kí o fún nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ dé 80 lb-ft, tẹ̀ mọ́lẹ̀, kí o fi àtẹ́lẹwọ́ ra etí òde àwọn táyà iwájú yíká. Tí o bá rí okùn wáyà kékeré tó yọ, tàbí ibi tí rọ́bà ti ya kúrò débi pé ìka rẹ wọ ibẹ̀, má gbé e lọ síbi iṣẹ́ lálẹ́ náà, pàrọ̀ rẹ̀. Tí kò bá sí irú rẹ̀, máa lọ sílé. Kọ̀wé sí mi lẹ́yìn ìdíje kẹta, kí o sọ fún mi èwo nínú táyà iwájú méjèèjì ló ń jẹ létí jù, tòsì ni tàbí tọ̀tún.